Láàrin "Yọ" àti "Yọ̀": Èdè-Ìperí fún Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ tí Kò Mú Mọ́

Bí awakọ̀ kan bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní àdúgbò Ìlare ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì wí pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí o; ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ," ọ̀gá náà kì í sábà ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì kí ó tó dáhùn pé, "Kílọ́ọ̀ṣì yín ló ń yọ̀." Bí awakọ̀ mìíràn bá sì ní òun tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀ ṣùgbọ́n jíà kọ̀, kò wọlé, tí ó ń ké bí ẹni ń lọ òkúta, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé, "Kílọ́ọ̀ṣì yín ni kò yọ." Àìsàn méjì ni ìwọ̀nyí, òdìkejì ara wọn sì ni wọ́n: èkíní kò lè di nǹkan mú, èkejì kò lè jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú. Ohun tí ó ya orúkọ wọn sọ́tọ̀ kò ju ohùn kan lọ, ohùn ìsàlẹ̀ lórí yọ̀ àti ohùn àárín lórí yọ.

Lẹ́nu, kò sí ewu níbẹ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kan tí yóò ṣi èkíní gbọ́ fún èkejì. Orí ìwé ni ọ̀ràn wà. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni a ń tẹ̀ láìsí àmì ohùn, bí a bá sì kọ ọ́ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé "kiloosi n yo", òǹkàwé kò mọ èwo nínú méjèèjì ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Àṣìṣe yìí sì ní owó nínú. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo wáyà kílọ́ọ̀ṣì, bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀ nítorí pé wáyà náà le jù, dídẹ̀ ni a óò dẹ̀ ẹ́. Bí kò bá yọ nítorí pé wáyà náà dẹ̀ jù, fífún ni a óò fún un. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ka ọ̀rọ̀ kan fún èkejì yóò fún wáyà tí ó yẹ kí ó dẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tí ì bá sì tún lò fún ọdún kan yóò jó láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù fi yẹ ní ohun tí àwọn olùkọ́ àti òǹtumọ̀ ń fi ojú sí.

Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú ìṣòro yìí. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Ẹ̀rọ kò sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kò dúró de ìwé kankan; wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, kí a mú èyí tí ó dára, kí a sì tún èyí tí ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà ṣe.

Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì jẹ́

Ẹ́ńjìnnì kò lè dúró kí ó sì tún ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, yíyí ni yóò máa yí. Ọkọ̀, ní tirẹ̀, gbọ́dọ̀ lè dúró. Ohun tí ó wà láàrin wọn, tí ó ń so wọ́n pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́, tí ó sì ń yà wọ́n nígbà tí a kò bá fẹ́, ni kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní "àsopọ̀" tàbí "ìdè". Kò yẹ. Àsopọ̀ kì í tú, ìdè kì í sì í yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe méjèèjì. Kílọ́ọ̀ṣì ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu mẹkáníìkì àti lẹ́nu àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, kò sì sí èrè kankan nínú pé kí a lé e jáde. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ni ó nílò orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ kí ó sì mọ iṣẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni kẹ̀kẹ́ irin kan wà tí ó wúwo, tí ó ń yí pẹ̀lú rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì. Lára kẹ̀kẹ́ yìí ni a de ìdérí kan mọ́, nínú ìdérí náà ni àwo irin kan wà tí sípíríǹgì líle ń tì síwájú. Èyí ni àwo ìtẹ̀. Láàrin àwo ìtẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ni àwo ìgbámú wà, bí àkàrà láàrin búrẹ́dì. Ojú méjèèjì àwo ìgbámú ni a fi awọ bò. Awọ gidi kọ́ ni mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ ẹran ni wọ́n lò nínú ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Orúkọ náà ṣì bá a mu. Àárín àwo ìgbámú ní ihò eléyín, ibẹ̀ ni ọ̀pá àpótí jíà ti wọlé. Nígbà tí awakọ̀ kò bá fi ẹsẹ̀ kàn án, sípíríǹgì ń tẹ àwo ìtẹ̀, àwo ìtẹ̀ ń tẹ àwo ìgbámú mọ́ kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn a sì máa yí bí ẹyọ kan. Nígbà tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, béárìn ìtì yóò ti sípíríǹgì náà, àwo ìtẹ̀ yóò fà sẹ́yìn, àwo ìgbámú yóò sì dòmìnira.

Gbogbo iṣẹ́ yìí dá lórí ohun kan ṣoṣo: ìfarakínra. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ìfarakanra lásán, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ kan ògiri ti fara kàn án. Kò tíì kín in. Kín tí ó wà nínú ìfarakínra ni ti ẹni tí ń fi kànìnkànìn kín ẹ̀yìn: ohun méjì tí ó tẹ ara wọn, tí ọ̀kan sì ń kọ̀ kí èkejì má sún. Ìkọ̀ náà ni a ń wá nínú kílọ́ọ̀ṣì.

"Mú" àti "tú"

Ó ṣe é ṣe kí a yẹra fún wàhálà yọ àti yọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kan náà: wọ́n a máa sọ pé kílọ́ọ̀ṣì "kò mú mọ́". Mú ni ó yẹ iṣẹ́ yìí jù lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti lò ó ṣíwájú. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú nínú iná, láti inú mú ni ó ti jáde. Ní ìlú tí Ògún Ládìn wà láàfin, tí ọdún Ọlọ́jọ́ sì jẹ́ ti Ògún, kò sí ìdí tí èdè ọkọ̀ kò fi lè jogún èdè àgbẹ̀dẹ. Fún òdìkejì rẹ̀, tú dára ju yọ lọ: okùn a máa tú, ìdì a máa tú. Nítorí náà, kílọ́ọ̀ṣì tí kò mú ni èyí tí ń yọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò tú ni èyí tí jíà kò wọlé sí. Kọ́ńsónáǹtì ni ó ya mú àti tú sọ́tọ̀, kì í ṣe ohùn nìkan, nítorí náà bí atẹ̀wé bá tilẹ̀ gbàgbé àmì, òǹkàwé kò ní dẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ó fún. Yọ yóò wá kù fún iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, èyíinì ni kí a yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò lára ọkọ̀.

Èyí kò wí pé kí a lé yọ̀ kúrò lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ta ni yóò lé e? Inú ìwé ni ìmọ̀ràn yìí wà fún.

Ọkọ̀ tí a fi agbára kún

Ọkọ̀ eré ni ó ń fi àléébù kílọ́ọ̀ṣì hàn kíákíá. Golf GTI ti Volkswagen, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1976 pẹ̀lú agbára ẹṣin 110, jẹ́ àpẹẹrẹ ọkọ̀ kékeré tí a ṣe fún eré láti ilé iṣẹ́ wá. Àní ọkọ̀ tí a kò kà sí ọkọ̀ eré rárá lè di bẹ́ẹ̀: Peugeot 504 ni Ove Andersson fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1975, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ fi máa ń fẹ́ kí ó sáré ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Yóò ní kí wọ́n fi tọ́bò sí i, tàbí kí wọ́n yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà padà. Òǹtumọ̀ tí ó bá bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ wá ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìlù tàbí fún gìtá. Kì í ṣe ohùn ni wọ́n ń yí. "Ọkọ̀ tí a fi agbára kún" ti tó.

Ṣùgbọ́n agbára wo? Ibí yìí ni àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kílọ́ọ̀ṣì kò mọ agbára ẹṣin. Ipá-ìyí ni ó mọ̀, ìyẹn ipá tí a fi ń yí nǹkan, irú èyí tí ọwọ́ ń lò nígbà tí a bá ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó ti di ìpẹtà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní agbára sí i nítorí pé ó ń yí kíákíá sí i, tí ipá-ìyí rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lè gbé e. Tọ́bò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ipá-ìyí gan-an ni ó ń fi kún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìlọ́po mẹ́rin ni: iye ojú tí ń kínra, òǹkà ìfarakínra, ipá tí sípíríǹgì fi ń tẹ̀, àti ìwọ̀n láti àárín àwo dé agbedeméjì awọ rẹ̀. Ká ní ojú náà jẹ́ 2, òǹkà ìfarakínra jẹ́ 0.3, ipá ìtẹ̀ jẹ́ 5,000 Newton, ìwọ̀n náà sì jẹ́ 0.08 mítà. Èsì rẹ̀ ni 240 Newton-mítà. Bí ipá-ìyí tí ó ga jù lọ nínú ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 170, kílọ́ọ̀ṣì yìí ní àṣẹ́kù tí ó dára. Bí wọ́n bá fi tọ́bò sí i tí ó di 230, àṣẹ́kù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, síbẹ̀ yóò ṣì mú ní òwúrọ̀. Nígbà tí ooru sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá wọ inú awọ náà, tí òǹkà ìfarakínra lọ sílẹ̀ sí 0.25, ohun tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé kò ju 200 lọ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi máa ń búra pé ọkọ̀ òun kò ṣe nǹkan kan nígbà tí òun kúrò nílé.

Bí ó bá sì ti yọ̀ tán, yíyọ̀ náà ń bọ́ ara rẹ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń fi ìyípo 500 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yá ju àwo ìgbámú lọ, tí kílọ́ọ̀ṣì sì ń gbé 200 Newton-mítà. Agbára tí ó ń di ooru láàrin àwo méjèèjì ju 10,000 wáàtì lọ, bí ẹni pé a ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000 wáàtì, sínú ìdérí kan tí kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Ooru yìí ń dín ìfarakínra kù sí i, èyí sì ń mú kí ó yọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò

Kí a tó dá kílọ́ọ̀ṣì lẹ́bi, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ni. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ ti dínkù náà kì í lè gun òkè; ṣùgbọ́n nínú irú èyí, ọwọ́ aago ìyípo ẹ́ńjìnnì kì í gòkè. Bí awakọ̀ bá tẹ iná nínú jíà gíga, tí aago ìyípo fò sókè tí aago eré kò sì tẹ̀lé e, kílọ́ọ̀ṣì ni. Òórùn rẹ̀ náà kò fara sin, ó dà bíi ti awọ tàbí bébà tí ń jó. Ọ̀nà mìíràn ni kí a fa búréèkì ọwọ́ dáadáa lójú ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí a fi jíà kẹta, kí a sì rọra jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó kú. Bí ó bá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí ó dì í mú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí a ṣe é, kí ìdánwò náà má baà di ohun tí yóò parí iṣẹ́ ìbàjẹ́ tí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a óò wo ohun tí kò náni lówó. Bí ó bá jẹ́ ti wáyà, ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ tí yóò rìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti béárìn. Nínú Volkswagen alábahun, àyè náà jẹ́ mílímítà 10 sí 20. Bí kò bá sí àyè rárá, a jẹ́ pé béárìn ti ń ti sípíríǹgì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fi ẹsẹ̀ kàn án, àwo ìtẹ̀ kò sì lè tẹ̀ bí ó ti yẹ. Òǹtumọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ìtẹ̀lé afọ́jú yóò pe àyè yìí ní "eré", olùkọ́ yóò sì máa wá ibi tí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ti ń ṣeré. Àyè ẹsẹ̀ ni kí a pè é.

Bí àyè bá wà tí kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń yọ̀, ọ̀ràn náà wà nínú: bóyá awọ ti jẹ tán, bóyá sípíríǹgì ti rẹ̀, tàbí kí epo máa jò wọlé láti ibi rọ́bà ìdènà-epo ní ìdí ẹ́ńjìnnì tàbí ní ẹnu àpótí jíà. Ti epo yìí ni ó burú jù lójú oníbàárà, nítorí kílọ́ọ̀ṣì tuntun tí a bá fi sí i láìwá orísun epo náà yóò tún yọ̀, ẹjọ́ yóò sì dé ilé ẹni tí ó tà á.

Ìpààrọ̀

Iṣẹ́ ìpààrọ̀ kò gba ọgbọ́n tó bí ó ti ń gba sùúrù. A óò yọ wáyà bátìrì, a óò gbé ọkọ̀ sókè, a óò sì fi òpó irin tì í lábẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan dá dúró. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Lẹ́yìn tí a bá ti tú ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí táyà, tí a sì ti gbé ẹ́ńjìnnì lé nǹkan kí ó má baà fì, a óò tú àpótí jíà, a óò sì fà á sẹ́yìn gbọọrọ láìjẹ́ kí ó fi ìwúwo rẹ̀ kọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bóòtù ìdérí àwo ìtẹ̀ ni a óò tú lẹ́yìn èyí, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, nítorí sípíríǹgì tí a bá jọ̀wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan lè tẹ ìdérí náà wọ́.

Eruku tí a óò bá níbẹ̀ gba àkíyèsí ju ohunkóhun lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe awọ àwo ìgbámú, ẹ̀yà àtijọ́ tí ó ní in sì lè wà nínú ọkọ̀ ogbó títí di òní. Fọ́nrán rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde; àrùn tí ó ń fà lè máà hàn títí ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún yóò fi kọjá. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó fi ẹnu tàbí fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku náà dànù. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí a fi nù ún, kí a sì ju aṣọ náà nù sínú ọ̀rá tí a dì pa. Bí ìwé ìkọ́ṣẹ́ kan bá fẹ́ fi ẹyọ gbólóhùn kan ṣoṣo kún ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀, èyí ni kí ó jẹ́.

Ojú kẹ̀kẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì yóò sọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀: àbàwọ́n aláró jẹ́ ẹ̀rí ooru, ìlà wẹ́wẹ́ tí ó là á lè jẹ́ sísán, kẹ̀kẹ́ tí ó sì ti sán kò yẹ kí ó padà sínú ọkọ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá tẹ́jú, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin. Rọ́bà ìdènà-epo àti béárìn ìtì ni a óò pààrọ̀ pọ̀ mọ́ àwo méjèèjì, nítorí owó tí wọ́n ń ná ni kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òógùn tí a ti là kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fún ọkọ̀ tí a fi agbára kún, ìdánwò wà láti ra kílọ́ọ̀ṣì tí ó le jù. Sípíríǹgì líle ń mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sanwó rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, béárìn inú ẹ́ńjìnnì tí ń gba ìtì náà yóò sì sanwó tirẹ̀. Awọ onírin, èyí tí a fi ẹ̀rún bàbà àti irin mọ pọ̀ nínú ooru, kì í bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n ó ń mú lójijì, ọkọ̀ a sì máa gbọ̀n nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Ó tún yẹ kí a rántí pé kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀ jẹ́ ààbò kan fún àpótí jíà. Bí ó bá dáwọ́ yíyọ̀ dúró, eyín jíà ni yóò gba gbogbo ipá náà. Kí a ṣírò ipá-ìyí ẹ́ńjìnnì, kí a wá kílọ́ọ̀ṣì tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta jù ú lọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ ju ìyẹn lọ kò sàn fún ẹni tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Nígbà ìdápadà, àwo ìgbámú gbọ́dọ̀ wà ní àárín gan-an kí a tó fún bóòtù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá àpótí jíà kò ní rí ihò rẹ̀ wọ̀. Ọ̀pá àtijọ́ láti inú àpótí jíà tó ti bàjẹ́ wúlò fún èyí, igi tí a gbẹ́ dáadáa sì lè rọ́pò rẹ̀. Ojú tí ó yẹ kí ó kọ sí kẹ̀kẹ́ ni kí ó kọ sí kẹ̀kẹ́. Gíríìsì tí a óò fi sí eyín ọ̀pá kò gbọdọ̀ ju fífi ìka kàn lọ, ọwọ́ tí ó ní epo kò sì gbọdọ̀ kan awọ. Bóòtù ni a óò fún díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí a ti tú wọn, pẹ̀lú sípánà tí ń díwọ̀n ipá-ìyí, sí iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ.

Kílọ́ọ̀ṣì tuntun kì í mú tán ní ọjọ́ tí a fi í sí i. Ojú awọ àti ojú irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọwọ́ ara wọn. Ìmọwọ́ra ni a lè pe àkókò yìí, kì í sì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà tí a fi ìrọ̀rùn wà láàrin ìlú. Láàrin àkókò náà, kí olówó ọkọ̀ má ṣe bá ẹnikẹ́ni du eré ní ọ̀nà Ìbàdàn, kí ó má sì gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ń sinmi. Bí ìmọwọ́ra bá parí, a óò tún wọn àyè ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkọ̀ oníwáyà, nítorí bí awọ ṣe ń jẹ ni àyè náà ń dínkù.